Ẹ lọ gba ewúrẹ́ yín lónìí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní kánsù kó ewúrẹ́ yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá àgbà kan wá ní kí ẹ lọ wò ó "lágbo", ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọgbà tí wọ́n ń kó ẹran tó ṣáko lọ sí ni. Agbo o, kì í ṣe àgbò Iléyá, kì í sì í ṣe àgbo ibà. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú Bíbélì Yorùbá ti àtijọ́, Jòhánù orí 10. "Pound" ni kánsù ń kọ sórí ìwé tiwọn. Ìyá mi rí i, wọ́n ní ṣé kánsù ò gbọ́ pé a ti fi pọ́ùn sílẹ̀ láti 1973 ni.

Tèmi, ewúrẹ́ méjì ni, ọ̀kan lóyún. Ọjọ́ kìíní, wọ́n ní ọ̀gá ò sí. Ọjọ́ kejì, ọ̀gá dé, kọ́kọ́rọ́ ò sí. Ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń gbowó lọ síbi òkú. Bẹ́ẹ̀ owó oúnjẹ ẹran ń gorí ara wọn. Oúnjẹ wo? Èèpo iṣu gbígbẹ ni mo rí nílẹ̀. Bí ogún ẹran nínú ọgbà tí kò tó yàrá mi, orí ìtọ̀ ni wọ́n ń sùn. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó dá mi lóhùn. Owó sísan àti rìsíìtì, ẹ mọ ìyẹn.

Mo wá dà wọ́n mọ́ àwọn tó wà nílé. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ikun imú bẹ̀rẹ̀, ojú ń ṣe ipin, ẹnu bó, ìgbẹ́ ń ya bí omi. Kàtá ewúrẹ́ ni, àrùn tó ń ràn láti ara ẹran kan sí òmíràn. Oyún bàjẹ́ lára èyí tó lóyún. Nínú mọ́kànlá, mẹ́ta ló kù. Dókítà ẹran kánsù wá ń bi mí pé ṣé mo gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Èmi ni mo kó wọn sínú ìtọ̀ ni?

Nítorí náà ẹ so tiyín sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ gún àwọn tó wà nílé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ẹnìkan bá ní òun á bá yín gbé e gba ẹ̀yìn, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má sì fi falẹ̀, wọ́n lè lù ú ní gbànjo. Ẹ ti gé e létí ṣá? Àmì yẹn ni wọ́n máa bi yín.

Háà, ibi tó wà lẹ tún ń béèrè. Ẹ̀yìn odò ẹran ni tiwa wà; ẹ kọ́kọ́ yọjú síbẹ̀. Ẹ mú okùn dání, wọn kì í fúnni lókùn.