Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣóńṣó Apá Dakota Lọ́wọ́ Pánẹ́ẹ̀lì-Bítà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni mò ń ṣe ní Agodi Gate, n'Ìbàdàn níbí. Alàgbà kan tó máa ń kó ohun àtijọ́ jọ gbé ṣóńṣó apá ọkọ̀ òfurufú Dakota méjì wá fún mi. Àfihàn ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ti ọ̀tún ṣì pé, ṣùgbọ́n ti òsì ti rún wómúwómú, òun ló sì ní kí n fọwọ́ ṣe tuntun rẹ̀. Mo ti lu páànù méjì, kò jọ ọ́, etí wọn sì ń sán. Kí ni kí n ṣe? Bí bàbá náà bá sì yí ọkàn padà, ṣé wọ́n lè fi èyí tí mo ṣe fò?

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé òòlù sílẹ̀ ná, ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ kò sọ ibi tí ẹ ti mú ìrísí tí ẹ̀ ń lù, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ara èyí tó rún ni. Páànù tó bá ti rún ti nà. Bí ẹ tilẹ̀ tẹ́ ẹ padà, kò ní bá ìwọ̀n tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án mọ́ apá mu mọ́.

Ti ọ̀tún ni kí ẹ gbára lé. Ẹ fa ìlà sí i lára láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ bíi 100 mílímítà, kí ẹ sì sún wọn mọ́ra sí i níbi tí ó bá ti tẹ̀ gidigidi. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti gé páálí líle tí yóò jókòó débi pé ìmọ́lẹ̀ kò ní yọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá yí àwọn páálí náà padà, ti òsì ni wọ́n dà. Ẹ kó wọn fún káfíńtà kan ní ọjà pákó Bódìjà, kí ó fi wọ́n gé pákó, kí ó sì to pákó wọ̀nyí di igi àwòṣe kan ṣoṣo, tí ẹ ó máa gbé páànù lé láti wò ó bóyá ó ti bá a mu. (Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yí: iná etí apá òsì pupa ni, ti ọ̀tún sì ni aláwọ̀ ewé.)

Ní ti sísán, Dakota, tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é ń jẹ́ DC-3, kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1935. Alumíníọ̀mù tí wọ́n po bàbà díẹ̀ mọ́ ni awọ ara rẹ̀, irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 2024 lónìí (kì í ṣe ọdún o). Ní Jámánì ni Alfred Wilm ti rí i ní 1906 pé bí wọ́n bá mú irú irin bẹ́ẹ̀ gbóná, tí wọ́n sì rì í sómi, yóò máa le fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá ti le tán, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní kọ́rọ́, yóò sán. Ìgbóná tí à ń fún un kí a tó rì í sómi kò ju bíi 493°C lọ, ààrò tó ní òṣùwọ̀n péye nìkan ló sì lè ṣe é. Iná wẹ́dà kò lè ṣe é. Nítorí náà, fún àfihàn, ẹ lo alumíníọ̀mù rírọ̀ irú 3003, kí sísanra rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu gẹ́lẹ́.

Èyí náà ń le bí ẹ bá ti ń lù ú, etí yín yóò sì gbọ́ ọ nígbà tí ìró rẹ̀ bá yí padà. Láti mú un rọ̀ padà, ẹ fi iná kábáìdì tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré pa á láró dúdú, kí ẹ wá fi kún ọ́síjìn, kí ẹ máa rìn iná náà lórí rẹ̀ títí dúdú náà yóò fi pòórá, kí ẹ sì gbé iná kúrò lójú ẹsẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin kí ó tó yọ́. Bí ó bá dé nǹkan bíi 660°C, ó kàn máa já wálẹ̀ ni. Tó bá tutù, ẹ fi òòlù igi lù ú lórí àpò yanrìn, kí ẹ kó etí rẹ̀ jọ kí ẹ tó na ikùn rẹ̀, nítorí etí tí a kò kó jọ ló ń sán.

Ihò rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó tí a fi ń kan páànù pọ̀, ni ojú tó mọ ọkọ̀ òfurufú kọ́kọ́ ń lọ sí. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lára ti ọ̀tún, ẹ má ṣe fi ojú pín in.

Rárá, wọn kò lè fi fò. 3003 kò lágbára tó 2024 rárá, kò sì sí ẹ̀yà kankan tó lè wọ ara ọkọ̀ tí yóò fò láìsí ìwé àṣẹ tó bá òfin àwọn NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, mu. Ẹ fi irin tẹ «àfihàn nìkan», irú irin náà àti ọdún tí ẹ ṣe é sí inú rẹ̀ kí ẹ tó kàn án pa, torí bí wọ́n bá ti kùn ún lọ́dà, ojú lásán kò ní mọ èyí tí ẹ ṣe yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ mọ́.