Ta ni difẹ́ńdà Czech tó jẹ góòlù tí wọ́n fi gba wúrà họ́kì orí yìnyín ní Olympics 1998?

Petr Svoboda ni. Ní Nagano, lórílẹ̀-èdè Japan, ọjọ́ 22 oṣù kejì 1998, Czech 1 Russia 0. Apá kẹta géèmù yẹn la ti ń lọ kó tó fi igi la rọ́bà tí wọ́n ń gbá látòkèèrè, ló bá wọlé, Dominik Hasek tó ń ṣọ́lé fún Czech ò wá gbà kí ẹnikẹ́ni dá a padà.

Ìlú Most ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1966. Ọmọ ọdún 18 ni lọ́dún 1984 tó bá tíìmù ọ̀dọ́ Czechoslovakia lọ sí Jámánì ti ìwọ̀ oòrùn, kò bá wọn padà sílé mọ́, torí ìjọba kọ́múníìsì ayé ìgbà yẹn kì í jẹ́ káwọn pléyà lọ bó ṣe wù wọ́n. Ọdún yẹn náà ni tíìmù Montreal Canadiens mú un, ipò karùn-ún nínú dráfùtì (ìyẹn báwọn tíìmù ṣe ń yan pléyà tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan) ti NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó sì bá wọn gba Stanley Cup, ife-ẹ̀yẹ líìgì náà, ní 1986. Ó lọ sí Buffalo ní 1992, ó tún lọ Philadelphia, ibẹ̀ ló wà nígbà tó jẹ góòlù Nagano, Tampa Bay ló parí sí ní sáà 2000-01, géèmù rẹ̀ ní NHL lé ní 1,000. Ká sòótọ́, kì í ṣe ẹni tó máa ń jẹ góòlù rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí ti Nagano yẹn yani lẹ́nu.

Ẹ má ṣì í mú o, Petr Svoboda mìíràn wà tóun náà jẹ́ difẹ́ńdà, 1980 ni wọ́n bí ìyẹn, Toronto ló gbá fún.