Ṣé àgbà ló dé ni, tí síló Scorpions nìkan wá ń wù mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, àmọ́ Àjàṣẹ́ ni mo ti ka lísè, nígbà yẹn kò sí ẹgbẹ́ olórin kankan lójú mi tó ju Scorpions ti Jámánì lọ. Èyí tí gítà ti ń pariwo ni mo máa ń fẹ́, bí síló, orin ìfẹ́ tó ń lọ jẹ́jẹ́ yẹn, bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ma yí kásẹ́ẹ̀tì padà, ma ní tàwọn obìnrin nìyẹn. Ní báyìí tí mo ti lé ní 50, síló yẹn náà ni mò ń gbọ́ ṣáá, aláriwo kì í pẹ́ tó fi ń sú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń gbọ́ ọ nígbà náà ní mi ò kì í ṣe fáànù mọ́, ọmọ mi ní àgbà ló dé. Ta ló sọ òótọ́ nínú wọn? — Bàbá Ìbejì, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yín rí i sọ díẹ̀, ọ̀rẹ́ yín ò rí nǹkan kan sọ. Kásẹ́ẹ̀tì Love at First Sting tí wọ́n ṣe ní 1984, inú ẹ̀ ni Rock You Like a Hurricane wà, èyí tẹ́yin ọmọ lísè ń fi ìgbálẹ̀ ṣe gítà sí, Still Loving You, tó jẹ́ síló, ló sì kẹ́yìn nínú ẹ̀. Ohùn Klaus Meine, akọrin wọn, kan náà lẹ̀ ń gbọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ní síló kì í ṣe Scorpions, kò gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn dópin ni, ẹ̀yin náà sì rèé, ẹ̀ ń yí i padà!

Ti etí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bá a ṣe ń dàgbà, ohùn tó bá tínrín tó lọ sókè ló kọ́kọ́ ń dín kù létí wa, tí gítà, ìlù àti ohùn bá wá ya lu ara wọn, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ á di iṣẹ́.

Àmọ́ ẹ pa tẹlifísọ̀n lálẹ́ yìí kẹ́ ẹ gbọ́ Still Loving You. Gítà á kọ́kọ́ máa já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Meine ò ní gbé ohùn sókè, orin yẹn lé ní ìṣẹ́jú 6, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó tán ló tó máa ké bí ẹni tí ẹkún gbé. Ọkùnrin ló ń bẹ obìnrin pé káwọn tún un bẹ̀rẹ̀, òun á ṣàtúnṣe ohun tó pa ìfẹ́ náà. Kí lọmọ ọdún 17 tí kò tíì bẹ ìyàwó rí fẹ́ fìyẹn ṣe? Faransé la kà, Gẹ̀ẹ́sì ò yé ọ̀pọ̀ nínú wa, a kàn ń fi jó ní pátì ni.

Wind of Change (Afẹ́fẹ́ Àyípadà) náà ńkọ́? Wọ́n lọ ṣeré ní Moscow lóṣù kẹjọ 1989, ibẹ̀ ni Meine ti rí ohun tó fi kọ ọ́, ó jáde nínú Crazy World ní 1990, ọdún yẹn gan-an làwa náà ṣe Kọ́nfẹ́ráǹsì Nasiọnáàlì ní Kútọnù, ìpàdé tó yí ètò ìjọba Benin padà. Ẹni tó ti gbọ́n díẹ̀ nígbà yẹn, tí wọ́n bá ti fé súfèé tó bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ò lè jọ ti ọmọ tó pàdé ẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ má sì da àwọn aláriwo nù o. Ẹ wá Blackout ti 1982. Kí wọ́n tó ṣe é, ohùn Meine ti lọ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́nà ọ̀fun, ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń ké nínú ẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ló dáa jù, tí Ìyá Ìbejì bá ti lọ sọ́jà.