Ṣé Ariwo Lásán Ni Ráàpù? Ìdáhùn fún Ọmọ Wa Kan ní Pánsẹ́kẹ́

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaekun, Áfáà wa. Ọmọ ọdún 21 ni mí, iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń kọ́ ní Pánsẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta níbí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ń kọ ráàpù ní èdè Yorùbá. Bàbá mi ní ariwo lásán ni, pé kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ haráàmù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́ṣáláṣí tiẹ̀ sọ pé Ọlọ́hun kì í gba ìrun ẹni tó bá ń ṣe é. Èmi sì mọ iye òru tí mo fi máa ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ọnà nínú ráàpù? Tí ọnà bá wà níbẹ̀, ṣé ó ti di hàláálì nìyẹn? Wọ́n ní kí n wá ṣe é níbi nìkáì ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní Aṣèrò lóṣù tó ń bọ̀, mi ò sì tíì dá wọn lóhùn.

ÌDÁHÙN: Wa alaekumu salaamu wa rahamotullahi wa barakaatuhu. Ọmọ mi, kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìrun yẹn kúrò lọ́kàn rẹ, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kúrò ní sàfù. Kò sí ẹsẹ Kùránì, kò sí hádíìsì tó ní Ọlọ́hun kì í gba ìrun ẹni tó ń kọ ráàpù. Ṣe aluwàlá rẹ kó pé, kírun lásìkò, kí o sì máa retí àánú Ọlọ́hun. Tó bá jẹ́ pé ìdánrawò yín ló ń jẹ́ kí mọ̀gàríbì bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ìyẹn dá dúró gedegbe, ì báà jẹ́ ráàpù lẹ fi ṣe é, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ méjì ni bàbá rẹ so pọ̀: pé kò sí ọgbọ́n níbẹ̀, àti pé torí ìyẹn ló fi jẹ́ haráàmù. Ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì. Ohun tó kún fún ọgbọ́n lè jẹ́ haráàmù, ohun tí kò ní ọgbọ́n kankan nínú sì lè jẹ́ hàláálì. Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ, òun ló yí èmi náà lọ́kàn padà.

Láyé Umar ọmọ Khattaab, akéwì kan wà tó ń jẹ́ al-Hutay'a, ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó kéwì lé èèyàn ńlá kan lórí, Zibriqaan ọmọ Badr. Ó ní kí ó má wulẹ̀ rìnrìn àjò wá iyì kiri mọ́, kí ó jókòó jẹ́jẹ́, ṣebí ẹni tí wọ́n ń bọ́, tí wọ́n sì ń daṣọ bò ni. Zibriqaan gbé ẹjọ́ tọ Umar lọ. Umar gbọ́ ewì náà tán, ó ní òun ò rí èébú níbẹ̀, ìbáwí díẹ̀ ni. Zibriqaan ò gbà. Kí wá ni Umar ṣe? Ó ránṣẹ́ pe Hassaan ọmọ Thaabit, akéwì Ànọ́bì, kí ó wá sọ ohun tí ewì yẹn ń wí. Hassaan ní ohun tó wà níbẹ̀ burú kọjá èébú. Ìgbà náà ni Umar tó ti al-Hutay'a mọ́lé.

Umar nìyẹn o, alákòóso gbogbo Mùsùlùmí! Kò dá ẹjọ́ ewì láìkọ́kọ́ bi ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Àwa áfáà òde òní ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la gbọ́ ọ bí mọ́tò ṣe ń kọjá lọ, a ti fún un lórúkọ.

Èmi náà ṣe é rí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, ọmọ kan wà ní ilé kéwú mi, orí rẹ̀ pé, ó ń há Kùránì bí ẹni ń mu omi. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun kọ nǹkan, kí n gbọ́. Ìlà mẹ́rin ni mo gbọ́ tí mo fi pariwo mọ́ ọn níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò wá sí ilé kéwú mọ́ láti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ti di bàbá ọmọ báyìí, ó máa ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tá a bá pàdé ní Kútọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan. Àmọ́ Kùránì tó ń há nígbà yẹn kò tẹ̀ síwájú, èmi ló sì jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ráàpù dáadáa, tí ọmọbìnrin mi ń jókòó tì mí tó ń sọ ohun tí kò bá yé mi.

Ohun tí mo rí nìyí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní àdúgbò Bronx ní ìlú Nuyọ́ọ̀kì, ọ̀dọ́ kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tí wọ́n ń pè ní Kool Herc, ló ń gbé àwo orin sílẹ̀ níbi àríyá kan. Ó ti kíyè sí i pé ibi tí orin bá ti dákẹ́, tó ku ìlù nìkan, ibẹ̀ ni àwọn oníjó ti máa ń ya wèrè. Àmọ́ ibẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ó wá mú ẹ̀rọ méjì àti àwo orin kan náà méjì: bí ìlù bá fẹ́ tán lórí èyí, á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ìkejì, ìlù ò ní dáwọ́ dúró. Orí ìlù yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìyẹn ló di ráàpù. Tálákà ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní owó ohun èlò orin, wọ́n wá fi àwo orin àtijọ́ ṣe ohun èlò. Nígbà tó fi máa di 1982 tí ẹgbẹ́ oníráàpù Grandmaster Flash àtàwọn Furious Five gbé orin «The Message» jáde, ìnira tó ń bẹ ládùúgbò ni wọ́n fi ṣe ọ̀rọ̀, wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2018, wọ́n fún oníráàpù Kendrick Lamar ní ẹ̀bùn Pulitzer fún orin, ẹ̀bùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé àwọn olórin jáásì àti olórin kíláásíkà nìkan ló ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bùn kì í ṣe ẹ̀rí nínú ṣàríà o. Mo kàn ń sọ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ orin ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò pè é ní ariwo.

Tiwa tiẹ̀ wá ṣòro jù. Ẹni tó bá ń ṣe ráàpù ní Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ti rí ọ̀rọ̀ méjì tí ìparí wọn bára mu, ó ti ríṣẹ́ ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, fáwẹ̀lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ fi ń parí, fáwẹ̀lì ọ̀hún ò sì pọ̀, kí ìparí bára mu kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, ọmọdé á ṣe é. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohùn: kí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ wà nínú ìlà kan, kí kálukú wà láyè rẹ̀ lórí ìlù, kí etí má sì ṣi ọ̀kan gbọ́. Olórin tó ń fa ohùn gùn lè tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí orin. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ráàpù, ó sún mọ́ ewì àti rárà ju bí bàbá rẹ ṣe rò lọ. Gbọ́ Dagrin, oníráàpù Yorùbá tó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2010, kí Ọlọ́hun ṣíjú àánú wò ó. Ọ̀pọ̀ ohun tó sọ ni mi ò lè tún sọ lórí bẹ́ǹṣì yìí. Àmọ́ ọkùnrin yẹn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá máa ń balẹ̀ sí.

Ẹ̀gbá sì ni wá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Yusuf Ọlátúnjí tí a ń pè ní Bàbá L'Ẹ́gbàá lu sákárà títí ó fi kú ní 1978. Àyìnlá Ọmọwúrà kọ àpàlà títí di 1980. Ilé wo ni wọn ò ti gbọ́ wọn? Àwọn bàbá wa lè ka orin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á sì ní, «Ọgbọ́n ń bẹ níbẹ̀.» Bẹ́ẹ̀, ọtí ń bẹ ní òde àríyá wọn, èébú sì ń bẹ nínú orin. Bí a bá lè rí ọgbọ́n nínú ti ìgbà èwe wa, kí ló dé tí a ò fi lè rí i nínú ti àwọn ọmọ wa? Nígbà èwe mi ní Ìtòkú, mo wà lára àwọn tó ń lu ìlù jí èèyàn ní sàárì. Wọ́n pe tiwa náà ní ariwo.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù rèé, inú ìwé hádíìsì tí wọ́n ń pè ní Muslim ló wà. Shariid ọmọ Suwayd wà lẹ́yìn Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lórí ẹran ìgùn lọ́jọ́ kan. Ànọ́bì bi í bóyá ó mọ nǹkan nínú ewì Umayya ọmọ Abi Salt. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànọ́bì ní, «Ó yá.» Ó ka ìlà kan. «Ó yá.» Ó tún ka òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí ó fi ka ọgọ́rùn-ún ìlà. Umayya yìí kò gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ànọ́bì sì sọ pé ó kù díẹ̀ kó gbà á nínú ewì rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ìlà, ọmọ mi! Wọn ò torí pé kò gba ẹ̀sìn kí wọ́n sọ pé ewì rẹ̀ kò dára.

Torí náà, ọnà ń bẹ nínú ráàpù. Ẹni tó bá sọ pé kò sí, kò tíì fetí sí i.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ kejì, ibẹ̀ ni mi ò ní pọ́n ọ lé. Pé nǹkan dára létí kò sọ ọ́ di hàláálì. Ànọ́bì fúnra wọn sọ pé idán ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ dídùn, idán sì lè mú èèyàn lọ síbikíbi. Ọlọ́hun sọ nípa àwọn akéwì nínú Suuratu Shu'araa pé àwọn ẹni anù ló ń tẹ̀lé wọn, pé wọ́n ń rìn gbéregbère ní gbogbo àfonífojì, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọn kì í ṣe. Lẹ́yìn náà ló yọ àwọn kan sọ́tọ̀: àwọn tó gbàgbọ́, tí wọ́n ń ṣe rere, tí wọ́n sì ń rántí Ọlọ́hun púpọ̀. «Wọ́n ń sọ ohun tí wọn kì í ṣe.» Fi ìyẹn wo ráàpù ìsinsìnyí. Ọmọ tí kò ní owó ọkọ̀ ń kọrin pé òun ra mọ́tò mẹ́ta. Ó ń ki àwọn ọmọ yàhúù bí ẹni ń ki ọba, ó ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ tí kò lè pe àbúrò rẹ̀ obìnrin. Kò sí ìlù tó lè fọ ìyẹn mọ́. Bí ẹ bá sì ń fi orin bú ara yín, rántí pé Kùránì kọ̀ fún wa ká máa fi orúkọ burúkú pera wa, kí o sì rántí ibi tí al-Hutay'a sùn.

Ní ti ìlù àti bíìtì, ìyẹn ìlù tí ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn onímímọ̀ ò fẹnu kò. Ibn Mas'uud, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànọ́bì, búra pé orin ni «ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ» tí Kùránì bẹnu àtẹ́ lù nínú Suuratu Luqmaan. Inú ìwé Bukhaari ni hádíìsì wà nípa àwọn tó máa sọ ohun èlò orin di ẹ̀tọ́ pẹ̀lú ọtí àti àgbèrè. Risaala, ìwé òfin ẹ̀sìn ti Maaliki tí gbogbo wa kọ́ ní ilé kéwú, sọ pé kò tọ́ ká gbọ́ orin àti ohun èlò rẹ̀. Ibn Hazm, onímímọ̀ àtijọ́ kan, ní tirẹ̀ kò gba ẹ̀rí wọ̀nyí, ó ní kò sí èèwọ̀. Mi ò ní fi èyí pa mọ́ fún ọ. Àmọ́ ọ̀nà Maaliki ni àwọn tó kọ́ mi ń tẹ̀lé, ohun tí mo sì rí nínú hádíìsì yẹn wúwo lọ́kàn mi. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi bíìtì sílẹ̀, kí o di ẹnu rẹ mú ṣinṣin. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá dára bí o ṣe sọ, á dá dúró láìsí kọ̀ǹpútà. Bíìtì tí ẹ tiẹ̀ ń wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ín? Ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn nìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ nìkáì wá rọrùn. Nígbà ìgbéyàwó Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh, àwọn ọmọbìnrin ń lu dáfù, ìlù tó jọ bàǹdírì, wọ́n ń fi orin dárò àwọn bàbá wọn tó kú lójú ogun Badr. Ọ̀kan nínú wọn rí Ànọ́bì, ló bá ní, «Ànọ́bì kan ń bẹ láàárín wa tó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la.» Ànọ́bì ní, «Fi ìyẹn sílẹ̀, kí o máa sọ ohun tí o ń sọ tẹ́lẹ̀.» Ìlà kan ni wọ́n yọ. Wọn ò fọ́ dáfù, wọn ò lé àwọn ọmọ náà. Lọ sí Aṣèrò. Bàǹdírì nìkan ni kẹ́ ẹ lù. Kí ọkọ, kí ìyàwó, ki àwọn òbí wọn, sọ̀rọ̀ sùúrù nínú ilé ọkọ, pa wọ́n lẹ́rìn-ín tí o bá lè ṣe é. Tí wọ́n bá pe ìrun, kí o ti gbé maíkì sílẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ní ti bàbá rẹ, má bá wọn jiyàn. Má sọ pé áfáà ní wọn ò mọ̀ ọ́n, n ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ibi tí orin lè gbé ọ lọ ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù ọ̀hún sì tọ́. Mú ìwé tí o kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sí wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun alásárì, kí o mú bírò pupa dání, ká jọ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ráyè, pè wọ́n wá. Àwọn ni kí o kọ́kọ́ ka èyí tó dùn mọ́ ọ jù fún.