Bí nọ́ńbà ohm kọ́ìlì vape yín kò bá dúró sójú kan

Ẹ ní kọ́ìlì méjì tí a fi wáyà Kanthal lọ́ (òun ló ń gbóná láti sọ omi vape di èéfín) lẹ fi sínú táǹkì, pé 0.42 ohm, ìyẹn bí kọ́ìlì ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, ni ẹ̀rọ ń kà láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán ó ti di 0.8, ó sì máa ń kọ “Check Atomizer” lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó sórí ẹ̀rọ mìíràn. Nọ́ńbà yẹn ti sọ ibi tó ń dùn ún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Kọ́ìlì méjì tó jọ wà lórí iná kan náà ló ń jẹ́ 0.42, bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá tú, èyí tó kù nìkan ni ẹ̀rọ ń rí, òun nìkan sì tó nǹkan bí 0.8. Páṣíà kọ́ńtáàtì ni, ìdí síkúrúù ló wà.

Ẹ tú òwú tó ń fa omi vape kúrò nínú kọ́ìlì, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré mi ẹsẹ̀ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣe pẹ́nrẹ́n, òun ni. Wáyà 26 gauge kò nípọn ju nǹkan bí 0.4 mílímítà lọ. Bí iná bá kọ́kọ́ gbóná nínú rẹ̀, ara rẹ̀ á rọ̀, síkúrúù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á sì dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ tún síkúrúù fún lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn iná àkọ́kọ́, nígbà tó bá ti tutù tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é. Ìka méjì lórí síkúrúdíráfà ti tó. Bí ẹ bá fi gbogbo agbára fún un, síkúrúù á gé wáyà jẹ, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti já lọ́la. Ẹ wo ìrù wáyà tí ẹ gé kù pẹ̀lú. Èyí tó bá gùn jù lè kan ìdérí, ṣọ́ọ̀tì sì nìyẹn: nọ́ńbà kò ní gòkè, wálẹ̀ ló máa já.

Bí gbogbo ẹsẹ̀ bá le gbọn-in, tí nọ́ńbà sì ń fò bí ẹ ṣe ń yí táǹkì díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹnu 510, ibi tí táǹkì ti ń yí wọ inú ẹ̀rọ, lẹ máa yẹ̀ wò. Ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ. Omi vape tó jò síbẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ pínnì, glycerine inú rẹ̀ kì í sì í gbé iná dáadáa. Ẹ fi òwú tí a fi ń nu etí tọ́ sípíríìtì isopropyl, ẹ nu pínnì ẹ̀rọ, ẹ nu ti táǹkì, ẹ nu ojú ibi tí a ń yí, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ táǹkì, síkúrúù ni pínnì ìdí rẹ̀, ó lè tú. Ẹ fún un, kó sì yọ síta díẹ̀ ju rọ́bà tó yí i ká lọ. Ẹ má fi tipátipá yí táǹkì wọlé, sípíríńgì abẹ́ pínnì ẹ̀rọ lè há sísàlẹ̀. Ìdọ̀tí tó bá fi 0.02 ohm kún kọ́ìlì 1 ohm, kò tu irun kankan lára rẹ̀, lórí 0.15, ó ti lé ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ẹ tó dá bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ gbé táǹkì mìíràn sórí ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì gbé táǹkì yìí sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹni tí àìsàn bá tẹ̀ lé ló ni ín. Mítà ọwọ́ lásán kò lè dájọ́ níbi nọ́ńbà tó kéré báyìí, àfi kí ẹ kọ́kọ́ kan ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ yọ ohun tó bá kà kúrò.

Tó bá jẹ́ SS316L (irin tí kì í dípẹtà) ni wáyà yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ooru máa ń gbé nọ́ńbà tirẹ̀ sókè: 0.5 lè di 0.59 bí ó bá fi 200 dígírì Celsius gbóná sí i, Ni200 (wáyà nickel) tiẹ̀ lè lé ní ìlọ́po méjì. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ kàn jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó tì nọ́ńbà rẹ̀ pa sínú ẹ̀rọ, èyí tí ẹ̀rọ fi ń mọ bí kọ́ìlì ṣe gbóná tó. Bí ẹ bá tì í nígbà tó gbóná, ẹ̀rọ á rò pé kọ́ìlì tutù ju bó ṣe wà lọ, òwú á sì jóná. Kanthal kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà bó bá ń fò, ẹ má dá ooru lẹ́bi.

Bí ẹ bá ti fún síkúrúù tán, ẹ má tíì fi òwú sí i. Ẹ gbé iná sí 20 wáàtì, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó di ìgbà márùn-ún. Kọ́ìlì méjèèjì gbọ́dọ̀ pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá ń fà sẹ́yìn, ẹ padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá tutù tán lẹ́yìn ìgbà karùn-ún tó ṣì ń ka 0.42, ẹ lè wá fi òwú sí i.