Kí ẹ tó fọwọ́ kan resolv.conf, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ni ín

Ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní ẹ kọ nameserver tuntun (ẹ̀rọ tó ń sọ àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì) sínú /etc/resolv.conf, fáìlì tí sáfà fi ń mọ nameserver tí yóò bi, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹ ṣe tún sáfà tàn báyìí, ti àtijọ́ ló tún bá yín níbẹ̀. Ó ti ṣe èmi náà rí.

Ẹ tẹ ls -l /etc/resolv.conf. Lórí Ubuntu, ẹ ó rí i pé kì í ṣe fáìlì gidi, ṣe ló ń tọ́ka sí /run/systemd/resolve/stub-resolv.conf. systemd-resolved, ètò tó ń bójú tó wíwá orúkọ, ló ń kọ ìyẹn, inú mẹ́mọ́rì tó ń ṣófo bí sáfà bá kú sì ni /run wà. Ẹni tó bá ń kọ nǹkan síbẹ̀ ń fi ajádìí agbọ̀n pọnmi ni.

Ọgbọ́n tí mo kọ́kọ́ dá burú ju ìṣòro náà lọ. Mo yọ atọ́ka yẹn, mo fi fáìlì gidi rọ́pò rẹ̀, mo wá fi chattr +i (àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí fáìlì padà) tì í pa. Kò yí padà mọ́ lóòótọ́, èmi náà sì gbàgbé ẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn tí a ń gba sáfà lọ́wọ́ wọn pa resolver wọn àtijọ́, ìyẹn nameserver àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú fáìlì yẹn. Ká ní gbogbo nǹkan kú fin-ín-fin-ín ni, ǹ bá tètè mọ̀. Kò kú, ṣe ló ń wọ́ bí ìgbín. SSH (ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti òkèèrè) pàápàá, a ó dúró títí kó tó jẹ́ ká wọlé. Mo bá dátábéèsì fa wàhálà, mo tún ra rámù kún un (ẹ má rẹ́rìn-ín). Àṣé glibc (àkójọ kóòdù tí àwọn ètò Linux fi ń wá orúkọ) ló ń bi nameserver àkọ́kọ́, tó ń dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó bi èkejì, bẹ́ẹ̀ sì ni lórí gbogbo orúkọ tó bá ń wá.

Nígbà tí mo fẹ́ tún un ṣe, ó ní “Operation not permitted”. Èmi tí mo jẹ́ root, ọ̀gá pátápátá lórí sáfà! Mo ti ń rò ó pé olè ti wọ sáfà wa, àfi ìgbà tí lsattr (àṣẹ tó ń fi àmì chattr hàn) fi lẹ́tà i hàn mí, tí mo rántí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi tì í.

Bó bá jẹ́ netplan (ètò tí Ubuntu fi ń to nẹ́tíwọọ̀kì) ni ẹ ń lò, abẹ́ nameservers nínú fáìlì yaml tó wà ní /etc/netplan ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ lo netplan try: bí ẹ bá já ara yín kúrò lórí nẹ́tíwọọ̀kì, tí ẹ kò sì lè tẹ Enter, á dá ti tẹ́lẹ̀ padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 120. Bí resolvectl status bá ṣì ń gbé ti DHCP (nameserver tí nẹ́tíwọọ̀kì fúnra rẹ̀ ń fún sáfà) mọ́ tiyín, ẹ fi use-dns: false sí abẹ́ dhcp4-overrides.

Ẹ má fi dig (irinṣẹ́ tó ń bi nameserver tààrà) nìkan dán an wò o. dig kì í wo /etc/hosts, fáìlì orúkọ tó wà lórí sáfà fúnra rẹ̀, àwọn ètò yín sì ń wò ó, nítorí náà getent hosts, tó ń wá orúkọ bíi tiwọn, ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí nginx (ètò tó ń gbé ìkànnì jáde) bá wà níbẹ̀, ẹ ṣe reload rẹ̀, torí ìgbà tó bá ń gbéra ló sábà máa ń wá àdírẹ́sì àwọn upstream rẹ̀, ìyẹn àwọn sáfà tó ń darí ìbéèrè sí.