Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀tù, ṣé òun ló bàjẹ́ ni àbí ọwọ́ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọta kì fúnra mi ni, 9mm ti ìbọn ìléwọ́ tí mo ń lò ní réńjì àti .308 ti raífù tí mo fi ń dọdẹ àgbọ̀nrín. Síkéèlì ni mo fi ń wọn ẹ̀tù ní ẹyọ ẹyọ, ó ti wá sú mi, odidi alẹ́ mi ò lè ṣe ju ọgbọ̀n lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wá yá mi ní powder measure tiẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀tù, àmọ́ ohun tó ń jáde nínú ẹ̀ ò bára mu, ẹ̀ẹ̀kan grain (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù) 5.0, ẹ̀ẹ̀kan 5.3. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kò jọ pé nǹkan kan ṣe ẹ̀rọ yẹn o. Ṣé o mọ kóńgò tí àwọn ìyá oní-gàrí fi ń wọn gàrí lọ́jà? Ohun tí powder measure jẹ́ gan-an nìyẹn, kóńgò ni, kì í ṣe síkéèlì, kò mọ ìwúwo kankan. Ihò kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń kún tó sì ń dà jáde, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. O sì mọ̀ pé tí wọ́n bá rọra da gàrí sínú kóńgò kíá ló máa kún, tó o bá wá ní kí wọ́n gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì gàrí á rọlẹ̀ àyè á sì tún yọ lókè, ìyẹn ni oníbàárà tó gbọ́n kì í fi í gbé owó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ̀n ọ́n. 5.0 àti 5.3 tìẹ nìyẹn. O gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, o ò gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Àmọ́ wo ẹ̀tù tó o dà sí i náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní ball, róbótó kínkín ni bíi kóró ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó ń ṣàn bí omi, òun ló rọrùn wọ̀n jù. Flake pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, òun náà kò burú. Stick ló ń dààmú èèyàn, ó gùn bíi spaghetti tí wọ́n rún wẹ́wẹ́, tí irin inú ẹ̀rọ bá fẹ́ yí ló máa gé e, wàá gbọ́ ọ kẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ìwọ̀n á sì yí padà. Nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń há sínú ọ̀nà tó ń gbà jáde, kéèsì, ìyẹn agolo irin kékeré tí ẹ̀tù ń wọ̀, tó wà nísàlẹ̀ á gba díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á wá gba tiẹ̀ gba ti èkejì ẹ̀. Ìyẹn léwu o.

Tó bá jẹ́ ball lò ń lò fún 9mm, RCBS Uniflow, Redding, Lyman 55, èyíkéyìí tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹ á ṣe é, kódà tòkunbọ̀. Lee Perfect ló rọjú jù, rọ́bà tó wà nínú ẹ̀ kì í sábà gé stick, àmọ́ ball tó kúnná máa ń jò lára ẹ̀, wàá kàn rí i lórí tábìlì. Èmi kì í wo orúkọ tó wà lára ẹ̀ tó bí mo ṣe ń wo ihò yẹn, torí fún ìwọ̀n kékeré bíi grain 5, ihò tó tín-ín-rín tó sì jìn ló dáa, èyí tó fẹ̀ tí kò jìn, ìwọ̀n ẹ̀ á máa yí padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ta drum, ìyẹn irin tí ihò yẹn wà nínú ẹ̀, kékeré fún ìbọn ìléwọ́ àti ńlá fún raífù.

De ẹ̀rọ yẹn mọ́ tábìlì pinpin. Nu òróró tó bá wà lára ẹ̀ dànù, òróró máa ń mú ẹ̀tù lẹ̀. Da ẹ̀tù kún un kọjá ìdajì, má sì jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, torí èyí tó wà lókè ló ń tẹ ti ìsàlẹ̀ wọ ihò, tí kò bá wá ní baffle, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú ike yẹn tó ń gba ẹrù dúró, wá ọ̀kan sí i. Fà á bí ìgbà ogún kó o máa da ẹ̀tù yẹn padà, má tíì wọn ìkankan, jẹ́ kó jókòó ná.

Ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tí mò ń kọ́ ni pé wọ́n á fa ẹyọ kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yí knob (ibi tí wọ́n fi ń yí ìwọ̀n padà), wọ́n á tún fa ẹyọ kan, wọ́n á tún yí i, wọ́n á máa lé e kiri bí ẹni ń lé adìẹ. Fa mẹ́wàá sínú àwo síkéèlì kan náà. Tó bá jẹ́ 5.0 lò ń wá, 50.0 ló yẹ kó o bá níbẹ̀, tó o bá rí 51.2, a jẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi 0.12 lé nìyẹn, yí knob díẹ̀, fa mẹ́wàá míì. Ìgbà tíyẹn bá tó, wá wọn mẹ́wàá ní ẹyọ ẹyọ, torí 4.7 àti 5.3 náà lè para pọ̀ fún ẹ ní 50 kí wọ́n sì tàn ẹ́ jẹ. Ọwọ́ ẹ̀rọ yẹn wá ńkọ́, gbé e lọ sókè kó kan irin kọ̀, mú un bọ̀ nísàlẹ̀ kọ̀, má sáré, má fà á tipá, kọ̀, kọ̀, ìlù kan náà títí wàá fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ọ̀kan nínú mẹ́wàá mẹ́wàá.

O lè ní kí ni 0.3 jẹ́ tí mo fi ń pariwo. Pọ́n-ùn kan, grain 7,000 ni, 0.3 kéré lóòótọ́. Àmọ́ nínú 5.0, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni, nínú .308 tí ìwé bá ní kó o fi 42 sí, kò pé ìdá kan. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé 9mm ló yẹ kó o bẹ̀rù jù, kì í ṣe raífù. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀tù yẹn ni kó o sì bá lọ o, ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù gidi wá ni fífà á lẹ́ẹ̀mejì sínú kéèsì kan. Kéèsì 9mm lè gba ìlọ́po méjì àwọn ẹ̀tù kan láìkún dà sílẹ̀, ìbọn sì lè bẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Tó o bá lè rí ẹ̀tù tó fẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì á kún dà sílẹ̀, òun ni kó o rà. To àádọ́ta kéèsì sínú block, ìyẹn pákó tàbí ike oníhò tí wọ́n ń tò wọ́n sí, fi ẹ̀tù sí gbogbo wọn, tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lókè kí o tó fi ọta kankan dé e, èyí tó ga tàbí tó rẹlẹ̀ á hàn. Nígbà kan màmá mi pè mí láti ilé, mo sì ti dé nǹkan bí ìlà kẹta, a sọ̀rọ̀ tán, mo padà débẹ̀, mi ò wá mọ èyí tí mo ṣe kẹ́yìn mọ́. Mo wò ó títí. Gbogbo ẹ̀ ni mo dà padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, látìgbà náà fóònù kì í bá mi wọ yàrá yẹn. Èyí tí kò ní ẹ̀tù rárá náà léwu o, tó o bá yìnbọn tó dún pọ́ọ̀ lásán, dúró, ọta lè ti há sínú bárẹ́lì, má yìn òmíràn tẹ̀ lé e.

Fún .308, tó bá jẹ́ stick lò ń lò, má retí iṣẹ́ ìyanu. Jẹ́ kí ẹ̀rọ fún ẹ ní díẹ̀ tí kò tó, gbé e lé síkéèlì, kó o wá fi trickler, ohun èlò kékeré tó ń da ẹ̀tù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kán ìyókù sí i. Àwọn ẹ̀rọ oníná bíi ChargeMaster ń ṣe méjèèjì pa pọ̀ fúnra wọn, àmọ́ wọ́n wọ́n, atẹ́gùn AC sì máa ń da síkéèlì wọn láàmú.

Ó ku ẹ̀tù dúdú, irú èyí tí àwọn bàbá wa ọdẹ ń kì sí ṣakabùlà, tí ọ̀pọ̀ nínú yín náà ń rà síbi báyìí fún ìbọn ayé àtijọ́. Má dà á sínú ẹ̀rọ tá à ń sọ yìí láéláé, ó máa ń tètè gbiná ju àwọn tá à ń sọ yìí lọ, ẹ̀rọ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa ta ọta tó kì, láìsènsì ìjọba àpapọ̀ wà fún ìyẹn ní Amẹ́ríkà, ní Nàìjíríà ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ti ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, má tíì dá a padà. Ṣe mẹ́wàá mẹ́wàá tí mo wí yìí pẹ̀lú ẹ̀ ná, tó bá ti ń fún ẹ ní 4.9 sí 5.1, irú ẹ̀ ni kó o rà. Kó o tó lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, da ẹ̀tù inú ẹ̀ padà sínú ike tó bá a wá, torí àwọn ẹ̀tù kan máa ń jẹ ike ẹ̀rọ yẹn, tó bá sì fi di ọ̀sẹ̀ méjì o lè má rántí èwo lo dà síbẹ̀, ẹ̀tù tó ò bá sì mọ orúkọ ẹ̀, dídànù ni.